Ilà Omi Lára Ògiri

Omi tó wà nínú odò Ògùnpa ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tó èyí tí èèyàn fi ń fọ fìlà. Ó dúdú, ó ń rá pálá gba àárín kọnkéré tí ìjọba fi há a mọ́, ó gbé ọ̀rá omi mímu méjì àti ẹsẹ̀ bàtà kan lérí. Arìnrìn-àjò wa dúró lórí afárá tí kò jìnnà sí Dùgbẹ̀, ó ń wò ó. Àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ Micra kan ń pariwo "Mọ́kọ́lá! Mọ́kọ́lá ẹnì kan!", kò sì sí ẹni tó bojú wo odò. Bí wọ́n bá sọ fún àjèjì pé omi yìí kan náà ló gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìbàdàn ò gbàgbé ṣá. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá, Ògùnpa fò kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, ilé lọ, ọkọ̀ lọ, ọmọ bọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Títí di òní, ìyá àgbà tí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ á ní, "Ọdún Omíyalé ni mo bí i," kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé ọdún wo nìyẹn. Ọgbà Àgọ́dì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lókè odò náà ní 1967 pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹranko, jẹ nínú ìyà ọjọ́ náà: omi gbé púpọ̀ nínú àwọn ẹranko lọ, ọgbà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ọdún 31 kọjá, ó tún dé. Àwọn Mùsùlùmí ń múra àtiṣínu nínú àwẹ̀ Ramadan nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún péré, òjò tó rọ̀ ju 180 mílímítà lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ bó ti pọ̀ tó nìyí: gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá kì í ju bíi 1,300 mílímítà lọ. Òjò ọdún kan, ẹ pín in sọ́nà méje. Ìpín kan odindi ló rọ̀ kí àwọn èèyàn tó jẹun alẹ́ tán. Adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá já káàkiri ìlú, omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ọgbà ẹranko àti ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja jẹ́. Àwọn tó kú lé ní 100. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n fi bójú tó ọ̀rọ̀ omi ní Ìbàdàn.

Ohun kan wà nínú ọjọ́ méjèèjì yìí tí kò kúrò lọ́kàn arìnrìn-àjò wa. Ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì. Àgbẹ̀ wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni òjò máa ń sinmi? Òjò àkọ́rọ̀ á dé ní oṣù Kẹta tàbí ìkẹrin, á rọ̀ wọ oṣù Keje, á wá dáwọ́ dúró díẹ̀ kí àgbàdo lè gbẹ, kó tó tún gbéra ní oṣù Kẹsàn-án. Àsìkò ìsinmi òjò gan-an ni òjò pa Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a má sì purọ́ mọ́ ojú ọjọ́. Ògùnpa ti ya ní 1960, ó ya ní 1963, ó tún ya ní 1978, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ láàárín ìlú. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú odò, ilé tí wọ́n kọ́ dí ọ̀nà omi, kòtò tí wọn kò gbẹ́, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní Ìbàdàn, onílé gbà fún un. Àní ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ṣùgbọ́n àgbàrá náà fúnra rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ dà bí akèrègbè tó ń fẹ̀: bó bá ṣe gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ń gbòòrò sí i. Lórí ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru ayé bá fi gòkè, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé á fi bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ooru ayé sì ti gòkè ju ìwọ̀n kan lọ láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú àti epo. Ní ọdún 2024, ó ga tó bí ìwọ̀n kan ààbọ̀, kò sì sí ọdún tó gbóná tó o láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn ooru ayé. Akèrègbè ńlá a máa pẹ́ kó tó kún, ìyẹn ni ọ̀dá fi ń gùn. Ọjọ́ tó bá wá dànù, kì í ṣe omi kékeré.

Lọ́kọ́ja ni arìnrìn-àjò wa ń lọ, níbi tí odò tó tóbi jù ní Nàìjíríà ti pàdé ìkejì rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ Sienna ní Ìwó Road, èrò méje, ẹrù tí kò lóǹkà, àti adìyẹ kan tí wọ́n di lẹ́sẹ̀ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Oṣù Kẹsàn-án ti fẹ́ parí. Ní Asẹ́jíire, wọ́n kọjá lórí omi tó kún dọ́gba pẹ̀lú koríko etí rẹ̀. Ifẹ̀ kọjá. Iléṣà kọjá, àfi tí wọ́n dúró ra bùrẹ́dì.

Ẹni tó jókòó ti arìnrìn-àjò wa jẹ́ àgbẹ̀ kòkó tó ń padà sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀wẹnà, bàbá kan tó ti lé ní 70, tó dé fìlà abetí ajá, tó gbé ẹ̀rọ ìfínkó tuntun lé orí ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

"Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Ṣé ọdún yìí sàn?"

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí n sọ? Bí òjò bá rọ̀ jù, kòkó á dúdú lórí igi. Bí ò bá rọ̀, ìtànná á gbọ̀n dànù. Bẹ́ẹ̀ òjò òde òní, méjì yẹn náà ló mọ̀."

Kò sí ìwé tí yóò sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́ràn ọ̀rinrin. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí oòrùn, ó lè gba oko kan já, àgbẹ̀ á sì máa fín oògùn tó ní bàbà nínú léraléra, òjò ìrọ̀lẹ́ á máa fọ̀ ọ́ dànù. Ìdí nìyí tí bàbá fi ra ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru ló wá bà á nínú jẹ́ jù. Ó rántí ọjọ́ kan. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá ni, tí Côte d'Ivoire fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan na Super Eagles ní Abidjan, tí òun jókòó síta títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ẹ́ mọ́ nítorí pé inú ilé kò ṣeé wọ̀.

"Ṣé kì í ṣe ìbànújẹ́ bọ́ọ̀lù ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?" ni awakọ̀ bi í láti iwájú. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò ṣàṣìṣe. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni ooru burúkú kan bo gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin ni, irú èyí tí òógùn kì í gbẹ lára èèyàn, tí ara kò fi rí ọ̀nà tutù. Bí a bá ro ọ̀rinrin mọ́ ọn, ohun tí ara èèyàn ń gbọ́ tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 50. Àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ World Weather Attribution yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ní sísun tí ọmọ aráyé ń sun epo àti èédú ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ooru ayé bá gòkè dé ìwọ̀n méjì, wọ́n ní irú rẹ̀ lè máa wá bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì.

Ọdún yẹn kan náà ni owó kòkó ga lágbàáyé débi tí kò dé rí, tó kọjá 12,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù Kejìlá, nítorí pé ìkórè Gánà àti Côte d'Ivoire kò dára. Arìnrìn-àjò wa rò pé èyí yóò dùn mọ́ bàbá nínú. Bàbá mi orí. "Owó dé, kòkó ò sí. Kí ni kí n tà, òṣùká?" Ó bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀wẹnà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì wọ inú igbó lọ láìwẹ̀yìn.

Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, àwọn òkè Ìkàrẹ́ tó dà bí erin tó dùbúlẹ̀. Láti Kàbà lọ, èdè inú ọkọ̀ yí padà sí ti Òkun, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á gbọ́ ọ. Ní Ọ̀bàjànà, tírélà sìmẹ́ńtì gba ọ̀nà kan, wọ́n tò bí ìjàlọ. Alẹ́ ti lẹ́ kí wọ́n tó wọ Lọ́kọ́ja, afẹ́fẹ́ tó sì wọ ojú fèrèsé ọkọ̀ ní òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja.

Òyìnbó ń pe odò náà ní Niger. Yorùbá ti sọ ọ́ lórúkọ ṣáájú wọn: Odò Ọya. Aya Ṣàngó, ẹni tó ni ìjì, tí í máa ṣíwájú ọkọ rẹ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Ìtàn ní nígbà tó gbọ́ pé Ṣàngó wọlẹ̀ ló di odò ní Irá. Ó jọ pé àwọn tó fi orúkọ obìnrin oníjì sọ odò yìí ti rí ohun tó lè ṣe. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi Òyìnbó gòkè odò yìí ní 1841, nígbà tí ibà pa èèyàn nínú wọn bí ẹni pa eṣinṣin.

Láti òkè Fúútà Jálọ̀n ní Gínì ni Ọya ti ṣẹ̀, ó sì rìn ju 4,000 kìlómítà lọ kó tó dé òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kún lọ́dún nílẹ̀ wa. Àkúnya funfun ni àkọ́kọ́, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé òjò tòsí ló bí i. Àkúnya dúdú ni ìkejì, omi tó ti Gínì wá, tó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbàtà ilẹ̀ Málì, tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja mọ ìgbà méjèèjì bí ẹní mọ ojú ọjà. Benue wá láti Kamẹrúùnù ní tirẹ̀, ó pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja, àwọ̀ omi méjèèjì sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀, bí ìyàálé àti ìyàwó tí kò tíì mọwọ́ ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, arìnrìn-àjò wa lọ sí Àdánkọ́lọ́, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sódò. Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ló gbà á sí abẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ọ̀wọ̀rọ̀ nínú. Ó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń yọ èyí tó ti rà sọ́tọ̀, kò sì gbójú sókè títí àlejò fi bèèrè ọ̀rọ̀ omi. Nígbà náà ló nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, tó dìde, tó sì kọjú sí ògiri.

Ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò ju orúnkún lọ, èédú ni wọ́n fi fà á. "Èyí ni ti 2018." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èkejì, tó bá àyà rẹ̀ dọ́gba. "2012." Ó wá mú ìgbálẹ̀ tó fi ti igun, ó na ṣóńṣó rẹ̀ sókè, kò jìnnà sí etí páànù. Èyí kò nílò èédú. Ẹrẹ̀ ló fà á fúnra rẹ̀, pọ́npọ́n, ó tẹ́ rẹrẹ láti igun dé igun bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. "2022 nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrá tí mo ti bí ọmọ."

Arìnrìn-àjò wa bi í bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí ṣáájú 2012.

"Rárá o. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun rí i tí odò wọ ilé, òun ṣì wà lọ́mọge. Ó dàgbà, ó kú, kò rí i mọ́. Èmi ọmọ rẹ̀ ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta."

Ohun tó wà lára ògiri yẹn, ìwé ìjọba náà sọ ọ́. Omi ọdún 2012 pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà, ó lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Àwọn èèyàn ní irú rẹ̀ kò ní tún ṣẹlẹ̀ láyé àwọn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà náà, ó tún dé, ó pa èèyàn tó sún mọ́ 200. Nígbà tó di 2022, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sá kúrò nílé tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ àìmọye, ilé tó bàjẹ́ sì lé ní 200,000.

Lọ́kọ́ja di erékùṣù lọ́dún náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, omi bo ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àbújá. Ọkọ̀ tò lẹ́yìn ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, èrò ń bọ́ sílẹ̀ gbé àpótí lérí, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń sáré lánàá. Ọ̀pọ̀ táńkà epo há sínú rẹ̀. Àìdé wọn sọ àwọn ilé epo Àbújá di ojú ogun, tí àwọn onímọ́tò ń sùn sínú ìlà. Arìnrìn-àjò wa kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín kíkorò nígbà tí wọ́n sọ èyí fún un. Epo tí sísun rẹ̀ ń mú ayé gbóná, omi tí ayé gbígbóná mú pọ̀ sí i ló dá a dúró lójú ọ̀nà, àwọn tó ń retí rẹ̀ sì tan jẹnẹrétọ̀ dè é.

Ṣé àyípadà ojú ọjọ́ ló dá omi 2022 náà sílẹ̀ lóòótọ́? Kí ọdún 2022 tó parí ni World Weather Attribution ti gbé àbájáde wọn jáde. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ayé méjì: èyí tí a wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ì bá wà ká ní ọmọ aráyé kò sun epo. Wọ́n wá ka iye ìgbà tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń rọ̀ nínú ayé kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, àyípadà ojú ọjọ́ ti sọ irú òjò líle tó rọ̀ lọ́dún náà di ohun tó rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ní agbègbè Adágún Chad, níbi tí òjò gbogbo àsìkò náà ti pọ̀ jù, ìlọ́po 80 ni.

Ẹni tó bá ń dá àjọ yóò yára mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ogún lẹ ń dá a, ó di oṣù ogún kí ó tó tún kàn ọ́. Bí wọ́n bá yọ mẹ́wàá kúrò, kò sẹ́ni tó fi kún owó rẹ, ó kàn ń tètè kàn ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ Ọya ṣe rí nísinsìnyí. Ti Adágún Chad, bí ẹni pé àjọ ẹlẹ́ni 800 ló ṣẹ́ ku ẹni mẹ́wàá: àwọn onímọ̀ náà ní irú òjò àsìkò bẹ́ẹ̀ lè wá ní bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá báyìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú àjọ yìí, ẹni tó bá kàn kò gba nǹkan kan, wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kejì kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ìdídò ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Kamẹrúùnù parí ìdídò Lagdo lórí Benue ní 1982, Nàìjíríà sì yẹ kó kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adámáwá láti gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Títí di ìgbà tí omi 2022 fi ya, wọn kò tíì kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin náà kò ṣeé kó dànù. Òjò tó pọ̀ jù ló ń kún ìdídò, ìdídò tí wọn kò kọ́ ló sì ń jẹ́ kí omi rẹ̀ wọlé wá láìsí ẹni tó dá a dúró. Ẹni tó bá mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì kò tíì sọ òótọ́ tán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan ní Íjíbítì pé àwọn yóò dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ojú ọjọ́ bá ṣe léṣe. Gbogbo Áfíríkà pọ̀, èéfín tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọn ò tíì gbọ́ nípa àpò owó náà ní Àdánkọ́lọ́.

Arìnrìn-àjò wa tún gun Òkè Patti ní ọ̀sán, òkè tó yọ lẹ́yìn ìlú, tó ga ju 400 mítà lọ. Àwọn amọ̀nà máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Òyìnbó, jókòó sí, tó wo odò, tó sì sọ orúkọ Nàìjíríà. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́ sí, ní oṣù Kìíní ọdún 1897, ọdún márùn-ún kó tó di ìyàwó Lugard, Òyìnbó tó wá ṣàkóso Nàìjíríà. Ohun tí ojú rí láti òkè ló ṣe pàtàkì. Ọya fẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, Benue wọ inú rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, etí wọn sì kún fún páànù tuntun tó ń dán nínú oòrùn. Ilé tí wọ́n tún kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbi tí ilà ẹrẹ̀ ti kọjá lórí wọn.

Ó rọrùn láti dúró sókè kí èèyàn máa bú wọn. Àmọ́ ẹja kì í gun òkè. Ilẹ̀ etí odò ló ń so ìrẹsì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni owó ilé mọ níwọ̀n. Èèyàn tó ń gbé ibi gíga kò sì bọ́ ṣá. Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger kì í ṣe etí Ọya gan-an. Ìlú ọjà ni, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò gúúsù ti ń ra ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òjò òru kan rọ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, àgbàrá ti gbá àwọn àdúgbò lọ. Àwọn tó kú lé ní 200.

Ọjọ́ kẹta ni arìnrìn-àjò wa padà. Bọ́ọ̀sì ni lọ́tẹ̀ yìí, èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọmọ ọkọ̀ so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ojú ọ̀run ti dúdú kí wọ́n tó kúrò ní Ọ̀bàjànà. Nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé Kàbà, òjò já lulẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń kán. Ó ń dà bí ẹni da omi nù láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wáípà kò ríran mọ́. Awakọ̀ rọra ń lọ títí wọ́n fi yí kọ́nà kan, tí ọ̀nà sì pòórá níwájú wọn. Omi pupa ló wà níbẹ̀, ó ń ti ọ̀tún sáré lọ sí òsì, ó gbé ẹ̀ka igi dání.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ò mọ ọ̀nà yìí ni?" ni ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Màmá, ọdún 19 rèé tí mo ti ń gba ibí. Omi kì í dé ibí."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọkọ̀ bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gé igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wọnú omi, ó ń fi igi náà tọ́ iwájú wò kó tó gbé ẹsẹ̀.

"Ibo ló dé?"

"Orúnkún, ọ̀gá!"

"Tún lọ síwájú."

"Ó ti dé itan! Ó ń fà mí!"

"Padà! Mo ní kó o padà!"

Àwọn èrò ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì da ọ̀rá bo orí, ẹlòmíì kàn dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n padà sí Lọ́kọ́ja, kí wọ́n gba Òkéné. Ẹnì kejì ní bí òjò yìí bá ń rọ̀ níbí, ta ló mọ bí Òkéné ṣe rí. Awakọ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gba igi lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀, ó gún un mọ́lẹ̀ sétí omi níbi tó ti mọ níwọ̀n, ó yọ ọ̀bẹ lápò, ó sì ha ilà kan sí i lára níbi tí omi dé. Gbogbo wọn dúró sínú òjò, wọ́n ń wo ilà náà.